Bí a ṣe ń rí apoògùn tó ní ìwé-àṣẹ ládùúgbò wa n'Ìbàdàn: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú ìyá mi ni àwọn ará ilé, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti aládùúgbò ti ń bi mí pé, "Fámásì wo ni ká lọ?" N kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe apoògùn. Ohun tí mo mọ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín, ẹnu ni mo fi béèrè rẹ̀, láti Mọ́kọ́lá títí dé Mọ́níyà. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù lọ ni mo kó jọ síbí, pẹ̀lú èsì tí mo máa ń fún wọn.

Ta gan-an là ń pè ní apoògùn?

Ẹni tó lọ sí yunifásítì, tó fi ọdún márùn-ún kọ́ nípa oògùn (ọdún mẹ́fà ni fún àwọn tó gba oyè PharmD), tó tún fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn tó ti wà nídìí ẹ̀ kó tó dé, tó yege ìdánwò, tó búra, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé àjọ PCN. Yunifásítì Ìbàdàn tiwa náà ń kọ́ wọn. PCN, ìyẹn Pharmacy Council of Nigeria, ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ náà. Òfin ọdún 1992 ló dá a sílẹ̀, òfin tuntun ọdún 2022 ló sì ń tẹ̀ lé báyìí. Ọdọọdún ni apoògùn gbọ́dọ̀ máa sọ ìwé-àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun. Bí kò bá ṣe é, kò láṣẹ àtiṣiṣẹ́ lọ́dún náà, bó ti wù kó mọ̀wé tó.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dúró lẹ́yìn káńtà ni apoògùn o. N'Ìbàdàn níbí, gbogbo ẹni tó bá ti ń na oògùn síni là ń pè ní "dókítà", títí kan ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé girama tí wọ́n gbà síṣẹ́ lóṣù tó kọjá. Kò sí ibi tó burú nínú kí ọmọ náà bá yín gba owó. Ìmọ̀ràn lórí oògùn ni kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Fámásì àti kẹ́mísì, ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà?

Rárá o. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ dé ibẹ̀.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí à ń pè ní kẹ́mísì, tó wà ní kọ̀rọ̀ gbogbo láti Bẹẹrẹ dé Mọ́lété, ní ìwé-àṣẹ tiwọn tó yàtọ̀. PCN kan náà ló ń fún wọn, ṣùgbọ́n oògùn wẹ́wẹ́ tí kò gba ìwé dókítà ni ìwé náà wà fún: paracetamol, oògùn inú rírun, ORS fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, oògùn aràn. Inú páálí tí ilé-iṣẹ́ ti dì í ló gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó tà á. Ibẹ̀ kọ́ la ti ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ibẹ̀ kọ́ la ti ń gba abẹ́rẹ́ ibà, ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń sọ fúnni pé taífọ́ọ̀dù ló ń ṣeni.

Fámásì ní tirẹ̀, apoògùn ló gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀. Òun ló lè ka ìwé dókítà, kó rí i pé oògùn méjì inú rẹ̀ kò bára wọn tan, kó sì pe dókítà lórí fóònù. Òun ló mọ̀ pé oògùn tí aboyún kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn wà lórí káńtà lónìí.

N kò bu ẹnu àtẹ́ lu oníkẹ́mísì. Ìyá oníkẹ́mísì kan wà lójúlé kejì sí wa tó ti jí lóru fún ọmọ mi nígbà tí ara rẹ̀ gbóná, tó ta paracetamol olómi fún wa, tó sì ní, "Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò bá rọlẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù, ẹ má padà wá bá mi." Irú wọn ni kí Ọlọ́run jẹ́ kó pọ̀. Ó mọ ibi tí agbára òun mọ. Ẹni tí mo ń bẹ̀rù ni èyí tí kò mọ̀ ọ́n.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé fámásì tó wà ládùúgbò mi ní ìwé-àṣẹ?

Ẹ wọlé, kí ẹ gbójú sókè wo ògiri. Ìwé méjì ló yẹ kí ẹ rí níbi tí ojú gbogbo èèyàn ti lè tó o. Àkọ́kọ́ ni ìwé-àṣẹ ṣọ́ọ̀bù náà láti ọ̀dọ̀ PCN, tí orúkọ àti àdírẹ́sì ibẹ̀ wà lórí ẹ̀. Èkejì ni ìwé-àṣẹ apoògùn fúnra rẹ̀, tí orúkọ tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wo ọdún tó wà lára méjèèjì. Ìwé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí wọ́n fi férémù oníwúrà gbé kọ́ kò ju àwòrán lọ. Bó bá jẹ́ oṣù kìíní ọdún ni ẹ lọ, tí ẹ bá ìwé ọdún tó kọjá, ẹ fi sùúrù bi wọ́n bóyá tuntun ti ń bọ̀, nítorí ìparí ọdún ni ìwé náà máa ń kásẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí apoògùn." Níbi tó bá dára, wọn a ní, "Ẹ jókòó, wọ́n ń bọ̀," ẹnìkan a jáde láti inú, a kí yín, a sì sọ orúkọ rẹ̀. Ẹ fi orúkọ tó sọ wé èyí tó wà lára ògiri. Ojú lè máa ti ẹlòmíràn láti béèrè, àgàgà bó bá jẹ́ pé ẹni tó dàgbà jù ú lọ ló wà nídìí ọjà. Kò sí àrífín níbẹ̀. Apoògùn tó mọṣẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ máa ń dùn tí wọ́n bá béèrè òun, nítorí torí ẹ̀ ló ṣe wà níbẹ̀.

Ní ti àgbélébùú aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń kùn síwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ má gbára lé e nìkan. Ọ̀dà ni, ọ̀dà kò sì gba ìwé-àṣẹ. Bákan náà ni pátákó tí wọ́n kọ "Pharmacy" sí gàdàgbà.

Ìwé-àṣẹ wà lógiri, ṣùgbọ́n mi ò fojú kan apoògùn ibẹ̀ rí. Ṣé wàhálà wà?

Bí ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, èèyàn ni, ó lè lọ jẹun tàbí kó lọ bánkì. Bí ẹ bá lọ lẹ́ẹ̀mẹta ní wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì jẹ́ "ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde" kan náà ni wọ́n ń sọ, ẹ wá ibòmíràn. Àṣà burúkú kan wà tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà fúnra wọn ń pè ní "register and go". Ohun tó jẹ́ ni pé apoògùn a fi orúkọ rẹ̀ yá oníṣòwò, wọn a fi ìwé rẹ̀ gba àṣẹ fún ṣọ́ọ̀bù, òun a gba owó rẹ̀ lóṣooṣù, a sì gba ibi tirẹ̀ lọ. Ìwé náà kì í ṣe ayédèrú. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún ni kò sí níbẹ̀. PCN ń bá àṣà náà jà, ẹgbẹ́ àwọn apoògùn àdúgbò, ACPN, náà ń bá a jà, àmọ́ àwa tí à ń ra oògùn la lè tètè rí i ju ẹnikẹ́ni lọ, torí àwa là ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tó ń bi mí pé kí wọ́n má wá fámásì. Apoògùn ni kí wọ́n wá, ẹni tó ní ojú àti orúkọ, tí wọ́n lè kí lójú pópó.

Ṣé mo lè wá a lórí fóònù?

Bẹ́ẹ̀ ni. Lórí ìkànnì PCN, ẹ lè wo orúkọ àwọn apoògùn àti àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ní ìwé-àṣẹ. Ẹ fi orúkọ tí ẹ rí lára ògiri wá a níbẹ̀. Google Maps yóò júwe gbogbo ibi tó ń ta oògùn láti Dùgbẹ̀ títí dé Challenge fún yín, kò sì ní mọ ẹni tó ní àṣẹ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní. Ọ̀nà ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi í wò.

Ẹ̀yìn igboro la wà. Kò sí fámásì kankan nítòsí wa ńkọ́?

Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà n'Ìbàdàn, márùn-ún láàárín igboro, mẹ́fà ní ẹ̀yìn odi: Akínyẹlé, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdó, Làgelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà. Òótọ́ ni pé bí èèyàn bá ti ń jìnnà sí igboro ni fámásì ń wọ́n, tí kẹ́mísì sì ń pọ̀. Ohun tí mo máa ń dá lábàá ni kí ẹ yan apoògùn kan ní ojú ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà lọ sọ́jà tàbí síbi iṣẹ́, yálà Ọ̀jọ́ọ̀, Ìwó Road tàbí Apáta, kí ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì máa ra oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ ní oṣù-oṣù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní ọ̀nà Mọ́níyà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ mẹ́ta ló ń dáwó jọ rán ẹnìkan lọ́jọ́ ọjà. Wọn a kọ orúkọ oògùn kálukú sínú ìwé, apoògùn a sì di tẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Fún àìsàn tó bá dé lójijì, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ìjọba ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ, kì í ṣe kẹ́mísì.

Kí ni apoògùn máa ṣe fún mi tí ọmọ tó ń ta oògùn ò lè ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá mi.

Ẹni ọdún 68 ni wọ́n nígbà náà, Ọ̀jẹ́ ni wọ́n ń gbé. Dókítà ti kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn, wọ́n sì ń lò ó dáadáa. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, bàtà kì í wọ̀ wọ́n mọ́, ojú sì máa ń ṣú wọn tí wọ́n bá dìde lórí àpótí. A ní àgbà ló dé. Àbúrò bàbá mi kan ní kì í ṣe ojú lásán. Ẹ̀rù ń ba gbogbo wa.

Ọmọ ìyá kan ní Mọ́kọ́lá ló mú wa lọ bá apoògùn kan, obìnrin ni, kò tíì tó ẹni ogójì ọdún. Mo rò pé yóò kàn ta oògùn fún wa ni. Ó ní, "Màmá, ẹ kú ìrìn o. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ padà lọlé, kí ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò wá, títí kan àgbo." Ìyá mi ní, "Dókítà, oògùn mi pọ̀ o." Ó ní, "Ìyẹn gan-an ni mo ṣe fẹ́ rí i, mà."

A kó o dé. Ọ̀rá ńlá kan kún. Ó tú gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, ó wọ díńgí ojú rẹ̀, ó sì ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú páálí méjì jáde, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ gàdàgbà síwájú wọn. Ó wá fi ìka tọ́ lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ orúkọ náà hàn mí. Ohun kan náà ni wọ́n kọ sára méjèèjì: amlodipine, mílígíráàmù mẹ́wàá. Nígbà tí ti ìṣáájú wọ́n lọ́jà, ibi tí a ti ń ra oògùn fún wọn ti fún wọn ní òmíràn, wọn ò sì sọ pé ọ̀kan náà ni. Ìyá mi rò pé dókítà ló fi kún un. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé ìlọ́po méjì mì. Apoògùn náà sọ fún wa pé oògùn yẹn a máa wú ẹsẹ̀, pàápàá bó bá pọ̀ jù.

Kò fi ẹnu ara rẹ̀ ní ká máa lò ó tàbí ká má lò ó mọ́. Ó pe dókítà ìyá mi lójú wa, wọ́n jọ sọ̀rọ̀, ó kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí sínú ìwé fún wa, ó sì mú páálí kan kúrò nínú ọ̀rá. Kò gba kọ́bọ̀ fún gbogbo àlàyé náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ ìyá mi padà sí bó ṣe wà.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo oògùn ilé dání. Ẹ sọ ọjọ́ orí, ẹ sọ àìsàn tó wà lára tẹ́lẹ̀, bóyá ọgbẹ́ inú ni o, ikọ́ fée, àtọ̀gbẹ tàbí kíndìnrín. Ẹ sọ bóyá oyún wà tàbí ẹ ń fún ọmọ lọ́yàn. Ẹ sọ oògùn tó ti bá ara yín jà rí. Bí kò bá bi yín léèrè, ẹ̀yin ẹ sọ fún un.

Ṣé oògùn ibà inú ọ̀rá kò dára ni? Ó kúkú ń ṣiṣẹ́ fún mi.

"Ẹ bá mi ṣe oògùn ibà ẹgbẹ̀rún náírà." Gbogbo wa la mọ gbólóhùn yìí. Wọn a gé funfun méjì, yẹ́lò méjì, pupa kan, wọn a dì í sínú ọ̀rá pénpé, wọn a ní ká lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Orúkọ oògùn kankan kò sí níbẹ̀, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kò sí níbẹ̀. Bí ara bá kọ̀ ọ́ lóru, kí lẹ fẹ́ sọ fún dókítà pé ẹ lò?

Ó jọ pé ó ń ṣiṣẹ́ torí pé oògùn ìrora wà nínú rẹ̀, nígbà mìíràn sì rèé, prednisolone tàbí dexamethasone náà máa ń wà níbẹ̀, èyí tó máa ń jẹ́ kí ara tù èèyàn kíá, tó sì lè ba nǹkan jẹ́ fún alátọ̀gbẹ àti ọlọ́gbẹ́ inú. Ibà gan-an lè má tíì kúrò. Oògùn ibà tí à ń lò báyìí, artemether pẹ̀lú lumefantrine, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n ń lò ó. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ 20/120 sí, àgbàlagbà yóò lo mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, gbogbo rẹ̀ 24. Bó bá jẹ́ 80/480, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, gbogbo rẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tó bá lo méjì-mẹ́ta nínú rẹ̀ tó dáwọ́ dúró ń kọ́ kòkòrò ibà bí yóò ṣe borí oògùn ni.

Ó sì yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò ná. Ọ̀pọ̀ fámásì ló ń gún orí ìka, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan yẹ ibà wò, èsì a dé láàárín ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà.

Àwọn tó ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì àti lọ́jà ńkọ́?

Òfin kọ̀ ọ́. Òfin tó gbógun ti oògùn ayédèrú lórílẹ̀-èdè yìí dárúkọ ọjà, búkà ẹ̀bá ọ̀nà, gárééjì àti inú ọkọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ ta oògùn níbẹ̀. Ká tilẹ̀ ní òótọ́ ni oògùn náà, oòrùn Ìbàdàn tó ti ń pa á láti àárọ̀ lórí àtẹ ti ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ oògùn ni wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kó má wà níbi tó gbóná ju 30°C lọ.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé oògùn kì í ṣe ayédèrú?

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹ wò bóyá wọ́n ti fi nǹkan ha á. Ẹ lè fi orúkọ oògùn náà wá a nínú Greenbook, ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí NAFDAC kó gbogbo oògùn tó fọwọ́ sí jọ sí. Àwọn oògùn ibà àti oògùn apakòkòrò (antibiotic) kan ní ibi fàdákà tí à ń ha bíi káàdì fóònù. Ẹ ha á, ẹ fi nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí 38353, èsì a dé. Inú ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ tó sanwó.

Ṣùgbọ́n ẹ gba rìsíìtì pẹ̀lú o. Láti ìparí ọdún 2008 wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, oògùn eyín ọmọdé kan tó ń jẹ́ "My Pikin" pa ọmọ 84 lórílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀sibítù UCH wa níbí wà lára ibi tí wọ́n gbé àwọn ọmọ náà lọ. Kíndìnrín wọn ló daṣẹ́ sílẹ̀, torí pé diethylene glycol, májèlé tí wọ́n ń lò nínú omi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ti wọ inú oògùn náà. Kì í ṣe ẹrù tí wọ́n gbé gba ẹnubodè lóru. Ilé-iṣẹ́ tó ní àṣẹ ló ṣe é. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà báàṣì, ìyẹn nọ́ńbà kan náà tí wọ́n kọ sára gbogbo oògùn tí wọ́n jọ ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n fi ń wá èyí tó léwu. Fámásì tó ń kọ ohun tó tà sílẹ̀, tó sì ní nọ́ńbà fóònù yín, lè pè yín kí ẹ tó fún ọmọ ní ṣíbí kejì. Ẹni tó ta tiẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ti sọ̀ kalẹ̀ ní Ìwó Road.

Kí ló dé tí apoògùn kọ̀ láti tà fún mi láìsí ìwé dókítà?

Nítorí pé ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Tramadol, diazepam àti irú wọn kò ṣeé tà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló mọ ohun tí omi ikọ́ oní-codeine fi ojú àwọn ọmọ wọn rí, kó tó di pé ní ọdún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adewole, tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, tó sì jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà, kéde pé wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe é mọ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ kó o wọlé. Oògùn apakòkòrò náà gba ìwé. Kì í pa ọ̀fìnkìn, kì í sì í wo ibà. Ibi tí wọ́n ti ń ta gbogbo rẹ̀ fún yín láìbéèrè ohunkóhun ni kí ẹ sá fún.

Ṣé fámásì kò wọ́n ju kẹ́mísì lọ?

Nígbà mìíràn, ó wọ́n. Láti ọdún 2023 tí GSK, ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń ṣe oògùn, ti kéde pé òun ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, tí náírà sì já wálẹ̀, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú wa rí lórí oògùn wọn, Ventolin àti Augmentin. N kò ní tan yín.

Àmọ́ ẹ béèrè báyìí: "Ṣé irú rẹ̀ tí kò wọ́n tó báyìí wà?" Oògùn kan náà, tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, tí NAFDAC fọwọ́ sí, lè jẹ́ ìdajì owó. Apoògùn ló lè sọ èyí tó bá a mu fún yín. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ìyá mi: nígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ síta pé pàṣípààrọ̀ ni, kí ẹ sì kó páálí àtijọ́ kúrò nílé. Bí owó kò bá ká a, ẹ sọ fún un kí ẹ tó dín in kù fúnra yín.

Mo ń mu àgbo. Ṣé mo gbọ́dọ̀ sọ?

Ẹ sọ ọ́. Kò ní bú yín. Àgbo kan wà tó ń já ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, òmíràn ń já ṣúgà wálẹ̀, bí oògùn òyìnbó bá tún já a, èèyàn lè ṣubú. Bákan náà ni Àlàbùkún tí gbogbo ilé ní, tí wọ́n ti ń ṣe ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1918. Aspirin wà nínú rẹ̀. Kò yẹ ọlọ́gbẹ́ inú, kò yẹ ọmọdé, kò sì yẹ ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí a bá ti mọ nǹkan láti kékeré, a kì í kà á sí oògùn mọ́, ìyẹn la fi ń gbàgbé láti dárúkọ rẹ̀.

Oògùn ọmọdé ńkọ́, kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀?

Bí ọmọ bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n. Ẹ má fi ṣíbí ìjẹun wọ̀n ọ́n, ṣíbí ilé kò dọ́gba. Ẹ béèrè ife kékeré tàbí sìríǹjì tí kò lábẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ oògùn apakòkòrò oníyẹ̀ẹ̀fun, ẹ ní kí apoògùn bá yín pò ó níbẹ̀ dé ojú ìlà, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tó máa dà nù. Amoxicillin tí wọ́n ti po omi sí kì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó ṣẹ́kù fún ti ẹ̀gbọ́n lọ́dún tó kọjá kọ́ ni ẹ máa fún àbúrò.

Lóru ńkọ́?

Yíká ẹnu géètì UCH àti Total Garden, fámásì pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó tì. Ọ̀sibítù fúnra rẹ̀ kì í sùn. Ẹ bi apoògùn yín lọ́sàn-án wákàtí tó ń tì àti ẹni tó mọ̀ tó ń ṣí lóru, kí ẹ kọ ọ́ síbi tí gbogbo ará ilé ti lè rí i. Bí ọmọ bá ń gìrì, bí èèyàn kò bá lè mí dáadáa, bí ẹnu ẹnìkan bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má wá fámásì rárá. Ẹ gbé e lọ sí UCH, Adéọ̀yọ́ tàbí ọ̀sibítù tó bá súnmọ́ yín jù.

Ẹnìkan ń ta oògùn lórí WhatsApp, ó sì ń gbé e wá sílé.

Bí fámásì tí ẹ ti wọ̀ rí, tí ẹ mọ apoògùn rẹ̀, bá ń fi ọ̀kadà gbé oògùn wá fún yín, ó dára. PCN ní ìlànà àti ìwé-àṣẹ fún àwọn tó ń ta oògùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà lásán, tí kò ní àdírẹ́sì, tí kò ní orúkọ apoògùn, ẹ fi í sílẹ̀. Fún insulin, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń gbé e, torí láàárín 2°C sí 8°C ló yẹ kó wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú nípa ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí iná bá lọ, ìbéèrè gidi ni níbi tí à ń gbé yìí.

Ibo ni mo ti lè fẹjọ́ sùn?

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ oògùn, bóyá ayédèrú ni o, bóyá ó bá ara jà, NAFDAC ni. Wọ́n ní ọ́fíìsì n'Ìbàdàn, nọ́ńbà tí wọ́n fi síta fún gbogbo èèyàn sì ni 0800 162 3322. Ẹ má ju páálí náà nù, ẹ má tíì fọ ìgò náà, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Apoògùn yín lè bá yín kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tí NAFDAC ṣe fún un, kódà bí kì í bá ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ ti rà á. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ṣọ́ọ̀bù tàbí ẹni tó wà nídìí ẹ̀, PCN ni ẹ máa kọ̀wé sí. Ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ bó ṣe wà lára pátákó, àdúgbò, ọjọ́ tí ẹ lọ, àti ohun tí ẹ rí lára ògiri tàbí tí ẹ kò rí.